Ogun Bìáfrà: Ẹ má ṣe fi ìwé kan ṣoṣo dájọ́

Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ìjọba máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ní Àbújá àti láwọn olú ìlú ìpínlẹ̀. Wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á gbé òdòdó síwájú ère sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, gómìnà á sì sọ̀rọ̀ ìtùnú fáwọn opó ológun. Ẹ bi ọmọ ogún ọdún tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú. Nínú mẹ́wàá, bóyá la máa rí ẹyọ kan tó máa lè dáhùn.

Ohun tó fà á nìyí. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni àwọn aṣojú Bìáfrà dúró níwájú Ọ̀gágun Yakubu Gowon l'Ékòó, tí wọ́n gbà pé ogun ti parí, pé Bìáfrà kò sí mọ́. Ọjọ́ kan náà lọ́dún 1966 ni àwọn mejọ̀ kan dìtẹ̀ gbàjọba, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn lọ́jọ́ náà sì wà lára ohun tó bí ogun ọ̀hún. Ọdún mẹ́rin géérégé ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọdún mẹ́rin yẹn, a ò tíì sọ ọ́ tán títí dòní.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lórí ètò wa kan níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè wá, ó ní òun kàn fẹ́ béèrè ni, ṣé òótọ́ ni pé Awólọ́wọ̀ ló fi ebi pa àwọn ọmọ Ìgbò? Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí bàbá kan fi pè, ó ní ọmọ àná ni, kí ló mọ̀. Ìyá kan náà pè, ó ní ọmọ Ìgbò ni ọkọ òun, pé lójoojúmọ́ lòun ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí láàárín ẹbí méjèèjì, ó ti sú òun. Láti ìgbà yẹn, fóònù ò sinmi. Ẹnìkan ní Facebook lòun ti kà á. Ẹlòmíì ní bàbá òun ló sọ fún òun. Odindi wákàtí kan la fi fa ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo, títí kan èmi tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, tó dárúkọ ìwé kan.

Bẹ́ẹ̀, ìwé ń bẹ. Mi ò rò pé ohun mìíràn wà nínú ìtàn Nàìjíríà tí àwọn òǹkọ̀wé kọ̀wé lé lórí tó ogun yìí. Ìjọba ò kọ́ wa, ilé ìwé ò kọ́ wa, àwọn òǹkọ̀wé ló bá wa tọ́jú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí kan. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí ogun náà ṣe lọ ní ṣókí

Kí á lè jọ wà lójú kan náà, ẹ jẹ́ ká rántí. Nínú ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní 1966, wọ́n pa Olórí Ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa, wọ́n pa Sardauna Ahmadu Bello, wọ́n sì pa Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá n'Íbàdàn. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn sójà apá Àríwá gbẹ̀san. Wọ́n pa Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó ń ṣèjọba, wọ́n pa Adékúnlé Fájuyì tó gbà á lálejò mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò nílẹ̀ Hausa, tí àwọn tó kù sì sá padà sílé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Aburi, lórílẹ̀-èdè Ghana, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967 kò yanjú ẹ̀. Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12 ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Ojukwu kéde Bìáfrà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ fún oṣù 30. Iye èèyàn tó kú, iye tí kálukú ń pè yàtọ̀ síra, àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó lé ní mílíọ̀nù kan, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù, pàápàá àwọn ọmọdé.

Ìwé tó dá awuyewuye sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá

Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bi wá, kì í ṣe orí Facebook ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2012, Chinua Achebe gbé ìwé kan jáde tó pe àkọlé rẹ̀ ní There Was a Country. Achebe ti di àgbàlagbà nígbà náà, oṣù díẹ̀ ló kù kó jáde láyé. Ó ti bá Bìáfrà ṣiṣẹ́ nígbà ogun, ó rin ìrìnàjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láti bá wọn bẹ ayé. Nínú ìwé náà, ó fi ẹ̀sùn kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ Kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìṣúná, pé ó wà nídìí ètò tó fi ebi pa àwọn ará Bìáfrà, àti pé ìfẹ́ ipò fún ara rẹ̀ àti fún àwọn èèyàn rẹ̀ ló sún un dé bẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé ìròyìn nígbà yẹn á rántí bó ṣe gbóná tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gba kálámù, wọ́n fèsì. Àwọn kan tó bínú jù lọ kò tíì fojú kan ìwé náà, apá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn òkèèrè ni wọ́n kà. Àwọn kan tó ń gbè é lẹ́yìn náà ò tíì kà á.

Kí ni ẹjọ́ ọ̀hún gan-an? Ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà omi àti ọ̀nà òfuurufú mọ́ Bìáfrà, ìyẹn kò sí àríyànjiyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ òfuurufú ìjọba àpapọ̀ yìnbọn lu bàálù kan tó jẹ́ ti àjọ Red Cross, ó já lulẹ̀. Ìyẹn náà kò sí àríyànjiyàn. Lọ́wọ́ kejì, àlàyé tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe kó tó kú ni pé àwọn sójà Bìáfrà ló ń gba oúnjẹ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sáwọn aráàlú, pé kò sì sí ológun tó máa ń bọ́ ọ̀tá rẹ̀ kó lè lágbára bá a jà. Ìjọba àpapọ̀ sì sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ gba orí ilẹ̀ kọjá. Bìáfrà kọ̀, wọ́n ń bẹ̀rù májèlé, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé ọ̀nà tí oúnjẹ bá gbà wọlé, sójà á gbà á wọlé.

Ẹni tó bá gbọ́ àwíjàre Awólọ́wọ̀ nìkan, kò ní rí ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pupa, tí ìyá rẹ̀ gbé sẹ́yìn láì mọ̀ pé ó ti kú. Ẹni tó bá sì gbọ́ ẹ̀sùn Achebe nìkan, ó lè má béèrè ipa tí àwọn olórí Bìáfrà alára kó nínú bí oúnjẹ kò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa tí ebi yẹn kò pa, ó yẹ ká kọ́kọ́ ka ìwé ẹni tí ó pa àwọn èèyàn rẹ̀ ká tó fìbínú dá a lóhùn. Kíkà á kò ní ká gba gbogbo ohun tó wí.

Yorùbá ò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wòran

Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí: pé Hausa àti Ìgbò ló jà, àwa kàn wà láàárín. Rárá o. Ẹ wo àwọn ìwé náà, ọmọ Yorùbá kún inú ẹ̀.

Lára àwọn mejọ̀ tó dìtẹ̀ ní oṣù Kìíní 1966 ni Adéwálé Adémóyèga wà. Lọ́dún 1981, ó kọ ìwé Why We Struck. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé àwọn kò dìtẹ̀ nítorí Ìgbò, pé ńṣe làwọn fẹ́ tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Calabar kí ó wá ṣe olórí. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ìwé ìgbésí ayé tirẹ̀, A Journey in Service, jáde l'Ábùjá, tí òun náà kọ ọ́ pé ìdìtẹ̀ náà kì í ṣe ti Ìgbò, tó sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀, gbogbo ayélujára dàrú. Wọ́n ní àṣírí ti tú! Àṣírí wo? Ọdún 44 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú ìwé ọmọ Yorùbá kan tí a kò kà.

Ohun tó jẹ́ kí ti Babangida wúwo ni pé apá kejì ló ti wá. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò jọ wà lápá kan náà wá ń sọ ohun tó jọra, ìyẹn la fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ jọ òótọ́. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé ohun tí àwọn ará Àríwá fojú ara wọn rí: wọ́n pa Sardauna, wọ́n pa Balewa, wọ́n pa Akíntọ́lá, kò sì sí olórí ìjọba Ìgbò kan tó kú lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó dìtẹ̀ àti ohun tí ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ rí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ogun sì bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí àwọn èèyàn rí.

Ẹ wo Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì. Ìtàn tí a mọ̀ nílé ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn apani, ó ní bí wọ́n bá máa mú un, kí wọ́n mú òun náà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń sọ pé wọ́n ti ní òun náà lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ wo Victor Bánjọ, ọmọ Yorùbá tó kó àwọn ọmọ ogun Bìáfrà kọjá odò Ọya ní oṣù Kẹjọ 1967, tí wọ́n gba Benin, tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. Títí dòní, àwọn àgbà ṣì máa ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ ṣe àkàwé ìjà tó bá le. Ní oṣù Kẹsàn-án, Ojukwu fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Bánjọ, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Enugu. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀ Nàìjíríà, àwọn míì pè é ní ọ̀dàlẹ̀ Bìáfrà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni o.

Wọlé Ṣóyínká wà nínú ọ̀rọ̀ Bánjọ yìí. Ó lọ sí Enugu ní 1967 láti rí Ojukwu, bóyá wọ́n lè dá ogun dúró, ó sì bá Bánjọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà dé, ìjọba Gowon gbé e. Ó lé ní ọdún méjì tó fi wà látìmọ́lé, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti òun nìkan mọ́ láì jẹ́ kó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àárín ìlà ìwé àti orí ìwé ìnùdí ló ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ohun tó bí The Man Died nìyẹn, tó jáde lọ́dún 1972. Lọ́dún 2024, nígbà tó pé ẹni 90 ọdún, wọ́n fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ẹ rántí pé kì í ṣe Ìgbò, kò sì gbé ìbọn. Ohun tó ṣe kò ju pé ó sọ pé ogun yìí kò dáa lọ. Ìwé rẹ̀ kọ́ wa pé ẹni tó bá dákẹ́ nígbà ìwà ìkà, òun náà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ológun wa náà kọ tiwọn. Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, ló kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Third Marine Commando gba Port Harcourt lọ́dún 1968. Lọ́dún 1969, wọ́n mú un kúrò, wọ́n fi Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ Ọbásanjọ́ sì ni ogun náà parí sí. Ọbásanjọ́ kọ My Command lọ́dún 1980. Bí ẹ bá ka ìyẹn nìkan, ẹ máa rò pé ìtàn ti délẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 2013, Ọ̀gágun Godwin Alábí-Ìsàmá, tó bá Adékúnlé ṣiṣẹ́ lójú ogun, gbé The Tragedy of Victory jáde, tòun ti àwòrán àti máàpù rẹpẹtẹ, ó sì ta ko Ọbásanjọ́ lójú ìwé lórí ìwé: ta ló gba ìlú wo, ta ló ṣe àṣìṣe, iṣẹ́ ta ni wọ́n fi ṣe ti ẹlòmíì. Abẹ́ àsíá kan náà ni wọ́n jà o, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà. Bí àwọn tó jọ wà lápá kan bá lè ta ko ara wọn báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa àwọn tó kọjú ìbọn síra wọn?

Àwọn tí kò sí lápá kankan

Àwọn ìwé tó dùn mí jù ni ti àwọn tó wà láàárín. Elechi Amadi jẹ́ ọmọ Ikwerre, lágbègbè Port Harcourt. Ó ti wà nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà rí. Àwọn aláṣẹ Bìáfrà fura sí i, wọ́n tì í mọ́lé. Sunset in Biafra tó kọ lọ́dún 1973 jẹ́ ká mọ̀ pé inú Bìáfrà náà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń bẹ tí wọn kò béèrè fún un, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ogoni, bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ ní Bonny nígbà ogun. Sozaboy tó kọ lọ́dún 1985 jẹ́ ìtàn ọmọ kan tó ń jẹ́ Mene, ọmọ iṣẹ́ awakọ̀, tó wọ iṣẹ́ sójà nítorí pé ó fẹ́ káwọn èèyàn rí i nínú aṣọ sójà, kí ìyàwó rẹ̀ fi yangàn. Kò mọ ẹni tóun ń bá jà. Kò mọ ìdí. Apá méjèèjì ló lò ó. Ìgbà tó padà dé abúlé rẹ̀, wọ́n ní òkú ni, wọ́n ní òun ló ń fa àìsàn tó ń pa wọ́n. Wọ́n lé e. Ẹni tó ka ìwé yìí tán, kò ní tún máa pariwo "ẹ jẹ́ ká jagun" lórí ayélujára.

Festus Iyayi, ọmọ ìpínlẹ̀ Edo òde òní, wò ó láti ibòmíràn nínú ìwé Heroes tó jáde lọ́dún 1986. Oníròyìn kan ló fi ṣe òpó ìtàn náà. Oníròyìn yìí kọ́kọ́ gbàgbọ́ pé àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ń bọ̀ wá gba aráàlú là. Nígbà tó rí ohun tí wọ́n ṣe, ojú rẹ̀ là. Ohun tó bá bọ̀ ni pé ẹ̀yà kọ́ ló pín ogun náà sí méjì: àwọn ọ̀gá ń jẹ, àwọn kúrúǹtù ń kú. Èmi tí mo jẹ́ oníròyìn, ìwé yẹn bá mi wí gan-an ni.

Ohun tí àwọn obìnrin rí

Bí àwọn ọ̀gágun ṣe ń ka ìlú tí wọ́n gbà, àwọn obìnrin ń ka ọmọ tó kù. Flora Nwapa ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Never Again rẹ̀ jáde lọ́dún 1975, ìwé tín-ín-rín ni. Ìlú Ugwuta ló dá lé. Wọ́n ń sọ fáwọn aráàlú pé ọ̀tá kò lè wọ Ugwuta láéláé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa di ẹrù, wọ́n á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ibọn ti ń dún nítòsí, wọ́n ṣì ń purọ́ lórí rédíò. Ọmọ Ìgbò ni Nwapa, Bìáfrà ló ń dá lẹ́bi. Ìyẹn gba ìgboyà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ rédíò, ó yẹ ká ka ìwé yẹn lọ́dọọdún.

Buchi Emecheta, tó ń gbé ní London nígbà ogun, kọ Destination Biafra lọ́dún 1982. Òun náà fi obìnrin síwájú ìtàn, ó sì sọ ohun tí àwọn sójà ń fi ojú obìnrin rí, èyí tí ìwé àwọn ọ̀gágun kì í fẹ́ dárúkọ.

Chimamanda Ngozi Adichie ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Ọdún 1977 ni wọ́n bí i, ogun ti parí ní ọdún méje. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀ ni ogun náà mú lọ. Half of a Yellow Sun tó gbé jáde lọ́dún 2006 gba ẹ̀bùn Orange Prize ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oòrùn tó wà lára àsíá Bìáfrà ló fi sọ ìwé náà lórúkọ. Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ìwé yìí ni Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀ tí gbogbo òǹkàwé ti fẹ́ràn. Wọ́n fi tipátipá mú un wọ iṣẹ́ sójà Bìáfrà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀. Adichie kò bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ọmọ ilé ni.

Ọmọ Yorùbá, Bíyi Bándélé, ló darí fíìmù tí wọ́n fi ìwé náà ṣe. Lọ́dún 2014, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kò jẹ́ kó jáde ní Nàìjíríà lásìkò tí wọ́n dá, àfi lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ọdún 44 lẹ́yìn ogun, ìjọba ṣì ń bẹ̀rù àwòrán rẹ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́ gbé e wá sílé

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa ìwé tuntun kan. Chigozie Obioma, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ l'Ákùúrẹ́, gbé The Road to the Country jáde lọ́dún 2024. Kúnlé lorúkọ ẹni tí ìtàn náà dá lé, ọmọ Àkúrẹ́ ni. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Túndé, kò lè fẹsẹ̀ rìn nítorí ìjàǹbá kan tí Kúnlé gbà pé òun lòun fà. Túndé tẹ̀ lé àwọn aládùúgbò lọ sí Ìlà-Oòrùn, ogun bẹ̀rẹ̀, Kúnlé ní òun máa lọ mú un wálé. Ibi tó ti ń wá àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ti fi tipátipá sọ ọ́ di sójà Bìáfrà. Aríran kan sì wà lórí òkè l'Ákùúrẹ́ tó ti rí gbogbo rẹ̀ ṣáájú.

Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí. Ọmọ Ìgbò ló kọ ọ́, ó mọ ojú wa, ó mọ ilé wa. Ọmọ tó bí nínú ìwé kò lè sọ pé apá kan ni tòun. Ṣé kì í ṣe irú wọn ló kún àárín wa? Nígbà ìdìbò gómìnà Èkó lọ́dún 2023, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyá èèyàn bú u, tí wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò kì í ṣe ọmọ Èkó. Ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ àti ebi tún jáde, ọ̀rọ̀ Bánjọ tún jáde, ọ̀rọ̀ ogún pọ́ọ̀n tí wọ́n fún àwọn tó ní owó ní báńkì lẹ́yìn ogun náà jáde, kálukú ń mú èyí tó bá inú rẹ̀ mu. Àjákù ìtàn la fi ń sọ ara wa lókùúta.

Kí ló wá kù?

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Ní tiwa, àrọ́bá náà ti ń tán lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun parí ti lé ní 70 báyìí. Láàárín kan náà, ìjọba yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó kéde pé kó padà. Àwọn ọmọ tó jáde ilé ìwé láàárín ọdún wọ̀nyẹn ló ń dìbò báyìí.

Ìṣòro kejì, èdè ni. Gbogbo ìwé tí mo dárúkọ látòkè wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, Sozaboy sì fi Gẹ̀ẹ́sì adàlú tirẹ̀. Ẹ lọ sílé ìtàwé tó wà nítòsí yín, ẹ bi wọ́n pé wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ní Yorùbá, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa wò yín. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe. Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ Aké, ìwé tí Ṣóyínká fi sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, sí Yorùbá. Tí Aké bá lè sọ Yorùbá, The Man Died náà lè sọ ọ́. Ìyá tó pè wá lórí ètò yẹn, tó fẹ́ ọmọ Ìgbò, òun ló yẹ kó lè ka Never Again lédè tó fi ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́kun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ogun yìí, kó mú ìwé méjì tí kò fara mọ́ra. Kó ka Achebe, kó sì ka Amadi. Kó ka Ọbásanjọ́, kó sì ka Alábí-Ìsàmá. Kó ka Adémóyèga, kó ka Babangida. Kó ka ìwé ọ̀gágun kan, kó sì fi ti obìnrin kan tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n bá ti fẹnu kò, ẹ lè dúró níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá wà láyé, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n wà lọ́dún 1967, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè wá, a kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, bíbú la bú u. Ìbéèrè rẹ̀ dáa. Bó bá ń ka èyí, mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo jẹ ẹ́ ní àforíjì, àti pé ìdáhùn mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó padà ka ohun tí mo kọ sókè lórí ọ̀nà tí wọ́n dí àti ọ̀nà tí wọ́n kọ̀, kó wá ìwé méjì, kó tún pè wá. A máa gbé e sórí afẹ́fẹ́, a ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ àná ni, kí ló mọ̀.